Èrìgì Mi àti Abọ́ Tí Ìyá Mi Tọ́jú

Èrìgì ni ẹran pupa tó di eyín mú ní ìdí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a dàgbà, wọn a sì kú, láìfi dígí wo tiwọn dáadáa rí. Èmi mọ tèmi bí àgbẹ̀ ṣe mọ ebè rẹ̀. Mo mọ ibi tó ti nípọn, mo mọ ibi tó ti fẹ́lẹ́, mo mọ àárín eyín wo ni ẹ̀jẹ̀ ti máa ń kọ́kọ́ yọ. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ní ìlú òyìnbó, ẹnu pípadé ni mo fi ń rẹ́rìn-ín. Kí n tó sọ bó ṣe rí bẹ́ẹ̀, mo ní láti sọ ohun tó lé mi kúrò ní Ìkìrun, nítorí ọ̀nà kan náà ni wọ́n gbà wá.

Wárápá ni. Ọmọ ọdún méjìlélógún ni mí nígbà tó gbé mi ṣubú nínú ṣọ́ọ̀ṣì ní ọjọ́ ìkórè. N kò mọ ohunkóhun nínú rẹ̀; wọ́n sọ fún mi ni. Wọ́n ní gbogbo ìjókòó tó yí mi ká ti ṣófo kí orin tó parí. Àwọn obìnrin ká aṣọ wọn sókè kí itọ́ ẹnu mi má baà ta sí wọn lára, nítorí gbogbo wa la gbà pé itọ́ yẹn ló ń ranni. Ìyá mi nìkan ló kúnlẹ̀ tì mí.

Ní ọjọ́ kejì, bàbá mi, tí wọ́n jẹ́ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, gbé abọ́ tánńganran tí mo fi ń jẹun sórí òkúta lẹ́yìnkùlé. Wọ́n gbé ìṣó lé etí rẹ̀, wọ́n fi òòlù lù ú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ihò náà kò tóbi ju hóró ẹ̀wà lọ, ó kàn gba okùn ni.

“Kí ẹnikẹ́ni má baà ṣì í mú ni,” ni wọ́n wí. “Ìwọ náà, má ṣì ti ẹlòmíràn mú.”

Bàbá mi kì í ṣe ìkà. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn nílé tí irú mi bá wà, ní Ìkìrun àti ní Òkukù. Àgbàlagbà tó bá wọlé tó rí abọ́ oníhò tí wọ́n dá kọ́ ti mọ̀, kò ní bèèrè. Ìyá mi fi okùn sí tèmi, wọ́n sì gbé e kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná, jìnnà sí àwọn abọ́ yòókù. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, bàbá mi rí ọ̀nà fún mi láti lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

“Lọ síbi tí ẹnikẹ́ni ò ti mọ̀ ẹ́,” ni wọ́n sọ fún mi ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin. Wọn kò sọ pé kí n padà wá.

Ní Mansẹ́sítà, ibi ìfọṣọ ńlá kan ni mo ti rí iṣẹ́. Àwọn aṣọ ibùsùn àwọn ọlọ́tẹ́ẹ̀lì ni à ń fọ̀ níbẹ̀. Ooru inú ilé náà dà bí ti Ìkìrun nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àmọ́ tí ènìyàn bá ṣí ilẹ̀kùn, òtútù á gbá a lójú bí ẹni tí wọ́n fi pátákó lù. Mo ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá nígbà tí mo ṣubú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ tó ń fún aṣọ. Ilé ìwòsàn ni mo ti lajú.

Nọ́ọ̀sì kan gbé tíì fún mi nínú kọ́ọ̀bù funfun. Mo mu ún tán, mo sì ń ṣọ́ kọ́ọ̀bù náà. Mo fẹ́ mọ ibi tí wọ́n máa gbé e sí. Ó kó o pọ̀ mọ́ ti àwọn aláìsàn yòókù, ó kó gbogbo wọn bọ inú omi kan náà, ó ń fọ̀ wọ́n, ó ń bá ẹnìkejì rẹ̀ sọ̀rọ̀. Mo yíjú sí ògiri, mo sunkún nítorí kọ́ọ̀bù kan.

Wọ́n fún mi ní oògùn kápúsù funfun: ọ̀kan láàárọ̀, ọ̀kan lọ́sàn-án, ọ̀kan nírọ̀lẹ́. N kò ṣubú mọ́. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, mo kọ lẹ́tà sílé láti sọ fún wọn. Èsì bàbá mi dé: “A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Má kọ orúkọ àìsàn náà sínú lẹ́tà mọ́.”

Oṣù kẹrin ni mo kọ́kọ́ rí i. Ní àárín eyín iwájú méjèèjì lókè, ẹran kékeré kan yọrí, ó rí bí ọmọ àgbàdo tí kò tíì gbó. Kò dùn mí. Mo rò pé yóò lọ. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹsàn-án, irú rẹ̀ ti wà láàárín gbogbo eyín, wọ́n ti so pọ̀ mọ́ra, wọ́n sì ti ń sọ̀ kalẹ̀ bo eyín. Tí mo bá jẹ búrẹ́dì, ẹ̀jẹ̀ á wà lára rẹ̀. Ẹnu mi ń rùn, mo sì mọ̀. Níbi iṣẹ́, wọ́n sọ mí ní Ẹṣin nítorí èrìgì náà. Ọ̀gá wa pàápàá ń pè mí bẹ́ẹ̀ tí ó bá ń ka orúkọ láàárọ̀, èmi náà sì ń dáhùn.

Ọmọ Ẹ̀kọ-Ẹ̀ndẹ́ kan tó ń jẹ́ Jímọ̀ ni a jọ ń gbé yàrá. Ìlú rẹ̀ kò jìnnà sí Ìkìrun, nítorí náà bí ọmọ ìyá la ṣe ń ṣe. Inú ìkòkò kan la ti ń jẹun.

“Ọ̀rẹ́, wo eyín ẹ nínú dígí,” ló wí lọ́jọ́ kan. “Wọ́n ti ń da agbádá borí o.”

Mo rẹ́rìn-ín. Inú rẹ̀ dùn pé mo rẹ́rìn-ín, ó ní, “Tó bá yá, wọn ò ní rí ọ̀nà jáde wá kí wa mọ́.”

Nígbà tó yá, ó rí ìgò oògùn mi, ó bèèrè ohun tó wà fún. Mo sọ fún un, torí mo rò pé ìlú tí wọ́n ti ń fọ kọ́ọ̀bù pọ̀ ni a wà. Lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo rí i pé ó ti fi òwú pupa so ìdí ṣíbí rẹ̀ àti ti fọ́ọ̀kì rẹ̀.

“Kì í ṣe nítorí nǹkan kan o,” ló sọ. “Mo níyàwó àtọmọ nílé ni.”

Kó tó di òpin oṣù, ó ti kó lọ. Ìgbà náà ni mo mọ̀ pé abọ́ yẹn ti tẹ̀ lé mi dé ibẹ̀. Kì í ṣe ìlú ni mo fi sílẹ̀. Ojú ni mo rò pé mo fi sílẹ̀, ojú àwọn tó mọ̀ mí, àmọ́ àwa la gbé e wá nínú àpótí wa.

Mo padà sọ́dọ̀ dókítà, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó dín oògùn náà kù. Ó ní, “Tí mo bá dín in kù, o máa ṣubú. Ó sì lè jẹ́ inú ẹ̀rọ yẹn ni wàá ṣubú sí.” Ó kọ̀wé fún mi lọ sọ́dọ̀ dókítà eyín kan, obìnrin tí irun rẹ̀ ti funfun. Wọ́n jókòó, wọ́n tan iná sí mi lẹ́nu, wọ́n wò ó pẹ́ bí ẹni ń kàwé.

“Oògùn ló rán èrìgì yìí níṣẹ́ pé kó máa hù,” ni wọ́n sọ. “Ìdọ̀tí ìdí eyín ni oúnjẹ tó fi ń ṣiṣẹ́ náà. N kò lè dá iṣẹ́ náà dúró. Ṣùgbọ́n ìwọ lè febi pa á.”

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára ju ìwàásù lọ. Láti ọjọ́ náà, èrìgì di ẹ̀kọ́ mi. Mo ra dígí kékeré. Mo ra ìwé kan tí mò ń kọ ìwọ̀n sí ní gbogbo ọjọ́ Àìkú. Ohun ìwọ̀n mi ni igi ìṣáná tí mo fi abẹ kọ ìlà mẹ́rin sí; tí mo bá gbé e ti eyín iwájú, mo máa mọ ìlà tí èrìgì dé. Ìlà kẹta ló wà nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀. Ó ku ìlà kan kó bo eyín tán.

Búrọ́ọ̀ṣì òyìnbó kò tó o. Ojú eyín nìkan ló ń nù, kò dé abẹ́ etí èrìgì tí ìdọ̀tí ń sá sí. Mo kọ̀wé sí ìyá mi pé kí wọ́n fi orín ránṣẹ́. Ọjà Inísà ni wọ́n ti rà á, orín àtá, tí ó ń ta lẹ́nu bí ata, wọ́n sì kó o sínú agolo. Ọ̀nà tí mo ń gbà lò ó nìyí, nítorí ọ̀pọ̀ wa ló ń jẹ orín bí ìrèké. Kò gbọdọ̀ nípọn ju ọmọńdinrín lọ. Ẹ bó èèpo rẹ̀ ní ìwọ̀n oríkèé ìka kan. Ẹ máa fi eyín ọ̀kánkán tẹ̀ ẹ́, ẹ máa yí i, títí yóò fi là wẹ́wẹ́ bí ìrùkẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ dà á ní ìdagẹ̀rẹ̀, kí ìrù rẹ̀ wọ abẹ́ etí èrìgì, kí ẹ sì máa gbọ̀n ọ́n díẹ̀díẹ̀, eyín kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n mímí mẹ́wàá. Tí ẹ bá parí, ẹ mú òwú ìránṣọ tí ẹ ti fi ìda pa, ẹ fà á gba àárín eyín gbogbo. Kí ẹ wá fi omi iyọ̀ lílọ́wọ́ọ́wọ́ yọ ẹnu. Ẹ̀jẹ̀ á jáde. Ẹ má ṣe tìtorí ẹ̀jẹ̀ dáwọ́ dúró, torí ìdọ̀tí ló fà á, kì í ṣe orín.

Mo mú orín kan lọ fi han dókítà eyín náà. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n yí i lọ́wọ́, wọ́n sì ní kí n fún àwọn ní ọ̀kan. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, mo rí i lórí tábìlì wọn tí wọ́n ti jẹ ẹ́ dé ìdajì. Mo rìn dé ilé lọ́jọ́ yẹn, n kò wọ bọ́ọ̀sì, nítorí ayọ̀.

Èyí tó ti hù ṣáájú kò ní fúnra rẹ̀ lọ, abẹ ló máa gé e. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n pín in sí: òkè ọ̀tún, òkè òsì, ìsàlẹ̀ ọ̀tún, ìsàlẹ̀ òsì, pẹ̀lú ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láàárín wọn. Abẹ́rẹ́ a kọ́kọ́ pa ibẹ̀ kú. Lẹ́yìn tí wọ́n bá gé e tán, wọn a fi nǹkan kan bí amọ̀ lẹ̀ ẹ́, òórùn kànáfùrù ló ń ti inú rẹ̀ jáde, òórùn àpótí aṣọ ìyá mi. Mo jókòó sórí àga òyìnbó pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ lẹ́nu, ilé ìyá mi sì ń rùn sí mi nímú. Ẹ̀kọ mímu ni mo fi gbé oṣù mẹ́ta.

Nígbà tí wọ́n ṣí ti ìkẹyìn, mo rí eyín mi. Mo ti gbàgbé bí wọ́n ṣe gùn tó.

Lẹ́yìn ọdún kan, ó ti padà hù dé ìlà kìíní. Ó sì dúró síbẹ̀. Lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni mò ń wọ̀n ọ́n, kò kọjá ìlà kìíní mọ́. Ẹ̀mí mi balẹ̀ débi tí mo fi gbà nígbà tí bàbá mi kọ̀wé pé àwọn ti rí ìyàwó fún mi.

Fọlákẹ́ ni orúkọ rẹ̀, olùkọ́ ni ní Òkukù. Àwọn ènìyàn rẹ̀ wá ṣe ìwádìí ní Ìkìrun gẹ́gẹ́ bí ìṣe. Wọ́n bèèrè ohun mẹ́ta tí wọ́n máa ń bèèrè: ẹ̀tẹ̀, wèrè, wárápá. Bàbá mi gbé ọwọ́ lé Bíbélì, wọ́n ní kò sí ọ̀kankan nínú wọn nílé àwọn.

Èmi àti Fọlákẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé. Nínú fọ́tò tó fi ránṣẹ́, ó ń rẹ́rìn-ín, ó sì ní èjí. Ó kọ ọ́ sí mi pé: “Bọ̀dá mi, nínú fọ́tò tiyín, ẹ pa ẹnu dé bí ẹni tó jí ẹran nínú ọbẹ̀. Ṣé ẹ léyín ṣá?”

Mo fẹ́ràn rẹ̀ láti orí ìlà yẹn. Mo kọ̀wé ojú ewé mẹ́fà sí i nípa èrìgì mi. Mo ya àwòrán rẹ̀. Mo sọ nípa igi ìṣáná, nípa abẹ, nípa amọ̀ kànáfùrù. Ohun tó fà á nìkan ni n kò sọ. Mo kọ ọ́ pé òtútù ló fà á, òtútù àti oúnjẹ wọn.

Kò kórìíra rẹ̀. Ó di iṣẹ́ àjọṣe wa. Ó ń bèèrè ìlà tí mo wà. Ó ń bó orín fúnra rẹ̀, ó ń gé e dọ́gba, ó ń fi ránṣẹ́. Nínú lẹ́tà kan, ó ní: “Ìyá mi àgbà ní òtútù kì í mú ẹran hù. Mo ní wọn ò dé ìlú òyìnbó rí.” Ó ti gbèjà irọ́ mi. Mo ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, mo ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni màá sọ òótọ́ fún un.

Ọ̀nà tẹlifóònù ni mo tún rò. Mo kọ̀wé sílé, wọ́n dá ọjọ́, wọ́n mú Fọlákẹ́ lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́ ní Òṣogbo. Mo ti kọ ohun tí mo fẹ́ sọ sórí ìwé. Ohùn rẹ̀ dé bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ láti inú kànga.

“Bọ̀dá mi, ìlà mélòó?”

“Ọ̀kan,” mo ní. “Fọlákẹ́, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́...”

“Bàbá wà níbí,” ló wí. “Wọ́n ní kí n gbé e fún àwọn.”

Bàbá mi gba ẹ̀rọ náà. “Ṣé ara le?” ni wọ́n bèèrè. Mo ní ó le. “Ó dáa. Ara tó bá ti le, kò sí ọ̀rọ̀ nínú ẹ̀ mọ́.” Wọ́n sì gbé e sílẹ̀.

Mo padà sílé ní ọdún keje. Mo kó oògùn mi sínú ìgò tí kò ní orúkọ lára. Mo ti lọ gé èrìgì díẹ̀ tó kù, kí ẹnu mi lè mọ́ pátápátá. Ní ọjọ́ kẹta, Fọlákẹ́ wá kí wa ní Ìkìrun, òun àti àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin. Ó kúnlẹ̀ kí àwọn òbí mi. Lẹ́yìn náà, ó yíjú sí mi.

“Ẹ yà, kí n wò ó,” ló wí.

Mo rẹ́rìn-ín, mo ya ẹnu. Ó wò ó tòkè-tilẹ̀, ó ní, “Ẹ̀yin náà léyín o.” Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, bàbá mi pàápàá.

Ìyá mi gbé iyán wá. Abọ́ ọlọ́mọrí tuntun ni wọ́n fi bu ti àlejò. Wọ́n padà lọ sí ilé ìdáná, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì gbé tèmi wá, wọ́n gbé e síwájú mi. Abọ́ tánńganran ni, ó ń dán bí ọjọ́ tí wọ́n rà á. Okùn tuntun wà nínú ihò etí rẹ̀.

Àbúrò bàbá Fọlákẹ́ ló kọ́kọ́ rí i.

“Ìyá, ta ló ni abọ́ yẹn?”

“Ti ọmọ mi ni,” ni ìyá mi wí. Inú wọn ń dùn. “Láti ọjọ́ tó ti lọ, oṣooṣù ni mò ń fi eérú fọ̀ ọ́. Ẹnikẹ́ni ò jẹun nínú ẹ̀ rí.”

Àbúrò bàbá Fọlákẹ́ fa ọwọ́ kúrò nínú iyán, wọ́n rọra nù ún mọ́ ìdí ìró wọn. “A ní irú ẹ̀ nílé wa ní Òkukù,” ni wọ́n wí. “Ọkùnrin tó ń lò ó ti kú. Iná ló ṣubú sí.”

“Bó ṣe wá láti ọjà nìyẹn,” ni bàbá mi wí.

Fọlákẹ́ kò wo abọ́ náà. Ẹnu mi ló ń wò.

“Òtútù,” ló wí.

“Oògùn ni,” mo ní. “Oògùn wárápá ló ń mú un hù. Mi ò tíì ṣubú láti ọdún mẹ́fà ààbọ̀.”

“Ọdún mẹ́ta la fi kọ̀wé.”

“Mo fẹ́ sọ fún ẹ.”

“Ẹ sọ fún mi bí òwú ṣe ń gba àárín eyín kọjá. Ẹ ya àwòrán ẹ̀.” Kò gbé ohùn sókè. “Mo mọ eyín yín lọ́kọ̀ọ̀kan. Mi ò mọ̀ yín.”

Ó kúnlẹ̀ fún ìyá mi bó ṣe kúnlẹ̀ nígbà tó dé, ó sì tẹ̀ lé àbúrò bàbá rẹ̀ jáde. Ní ọjọ́ kẹta lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n dá Bíbélì àti òrùka ìfẹ́sọ́nà padà. Gbogbo orín tí n kò tíì lò ni mo bá nínú àpótí mi, tí Fọlákẹ́ ti gé dọ́gba, ìka mẹ́jọ mẹ́jọ.

Bàbá mi dúró sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. “Ìwọ lo pa ọmọ yìí,” ni wọ́n sọ fún ìyá mi.

Ìyá mi jókòó sórí àpótí. “Mo fẹ́ kó rí i pé a ò gbàgbé rẹ̀ ni,” ni wọ́n wí. Wọ́n wò mí bí ẹni pé èmi ni yóò ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn. Mo lè ṣàlàyé ohun tí oògùn ń ṣe sí èrìgì, láti oṣù kìíní dé oṣù kejìdínlógún. N kò lè ṣàlàyé ìyẹn.

Mo padà sí Mansẹ́sítà. Dókítà eyín wò mí, wọ́n ní ẹnu tó mọ́ jù lọ láàárín àwọn tó ń lo oògùn yẹn lọ́dọ̀ àwọn ni tèmi, wọ́n sì pe àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn wá wò ó. Mo ya ẹnu fún wọn.

Mo mú abọ́ náà dání nígbà tí mò ń bọ̀. Mo kan ìṣó kan sẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá mi, ibẹ̀ ni mo ń gbé e kọ́, inú rẹ̀ ni mo sì ń jẹun. Kò ní àlébù kankan, àyàfi pé tí mo bá bu ọbẹ̀ kún un jù, ó máa ń jò láti ibi ihò náà. Nítorí náà, mo ti mọ ìwọ̀n rẹ̀. N kì í bu ún kún.